Ohun Tí Bùràímọ̀ Kò Gbọ́

Ariwo ló jẹ etí Bùràímọ̀, kì í ṣe ogbó. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ ìhunṣọ kan ní àdúgbò àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá n'Ísọlọ̀, níbi tí ọgọ́rùn-ún ẹ̀rọ ti ń gbá pàkà-pàkà lẹ́ẹ̀kan náà, tí ẹni tó ṣe iṣẹ́ òwúrọ̀ ń gbé e fún ẹni tó ń ṣe ti alẹ́, tí ẹ̀rọ kì í sinmi. Kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ tí ẹnì kejì ń gbọ́. Ètè ara wọn ni wọ́n ń wò, ọwọ́ ni wọ́n fi ń júwe. Bí ẹnìkan bá fọwọ́ kan ọrùn ẹ̀wù rẹ̀, ọ̀gá ń bọ̀ nìyẹn. Bó bá fi ìka méjì gé afẹ́fẹ́ bíi sísọ́ọ̀sì, òwú ti já. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà kógbá sílé, tí wọ́n ta àwọn ẹ̀rọ fún àwọn tó ń ra irin àlòkù, oníkálukú gba ilé rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ariwo yẹn tẹ̀lé Bùràímọ̀ wálé. Ó ń hó nínú etí rẹ̀ bí omi tí wọ́n gbàgbé sórí iná. Lọ́dọọdún, ohun tó ń gbọ́ láti ìta ń dín kù, títí tó fi ku híhó náà nìkan.

Ó wá ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe ní Ṣógúnlé, níwájú yàrá tó háyà. Iṣẹ́ náà bá a mu, nítorí kò dìgbà tí èèyàn bá gbọ́ kó tó mọ ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ. Yóò gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e lórí, yóò fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, yóò sì mọ̀ bóyá abẹ́rẹ́ ló wọ́ ni tàbí eyín inú rẹ̀ ló ti jẹ. Àwọn télọ̀ máa ń gbé ẹ̀rọ wá, wọ́n á nawọ́ sí ibi tó ń dùn ún, wọ́n á sì máa lọ.

Sàráátù ìyàwó rẹ̀ ni etí rẹ̀ ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Bí àlejò bá wọlé, Sàráátù á jókòó síbi tí ọkọ rẹ̀ ti lè rí ojú rẹ̀, á tún ọ̀rọ̀ náà sọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, á sì fọwọ́ kún un. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Lateefah, tó relé ọkọ ní Kàdúná, tó ń ṣe tíṣà níbẹ̀. Tí Lateefah bá pè lọ́jọ́ Jímọ̀, Sàráátù ló ń gbé fóònù. Bó ti ń gbọ́ ló ń sọ fún ọkọ, bí ọkọ bá fèsì, á tún gbé e padà fún ọmọ. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á jọ máa rẹ́rìn-ín bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe ẹnikẹ́ni. Nígbà tí Sàráátù kú, Lateefah wá, ó lo ọjọ́ mẹ́jọ láàárín èrò tó wá kí wọn, ó sì padà. Ó mọ̀ pé etí bàbá òun wúwo. Kò mọ̀ pé ìyá òun ti gbé etí náà lọ.

Láti ìgbà náà, Bùràímọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń gbé fóònù. Bó bá ti gbọ̀n lápò rẹ̀, ó mọ̀ pé ẹnìkan ń pè. Á gbé e sétí, á dúró díẹ̀, á ní, "Mo wà dáadáa." Á tún dúró, á ní, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run." Lẹ́yìn ìyẹn á béèrè ọkọ Lateefah, á sì ní ó dáa. Ohun kan tó tín-ín-rín ló máa ń dé etí rẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n ń fa aṣọ ya ní yàrá tó jìnnà, kò sì sí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ojú ń tì í láti sọ fún ọmọ. Ó rò pé bí òun bá sọ, Lateefah á ní òun ò ní pè mọ́, nígbà tí kò wúlò.

Lọ́dún àkọ́kọ́, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni fóònù ń gbọ̀n. Lọ́dún kejì ó di ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù, ó di ẹ̀ẹ̀kan. Bùràímọ̀ sọ fún ara rẹ̀ pé ọmọ ní ilé tó ń mójú tó, ó ní iṣẹ́, àti pé arúgbó kì í ṣe ẹrù tí èèyàn ń rù lójoojúmọ́. Kò bínú. Ọjọ́ mìíràn wà tí ilẹ̀ á mọ́, tí á tún ṣú, tí kò ní fọ ju gbólóhùn mẹ́ta lọ. Àwọn ará ilé á juwọ́ sí i tí wọ́n bá ń kọjá, òun náà á juwọ́.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ kan ni wọ́n fi ìwé ìpolówó kan lé e lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀rọ ìgbọ́ràn ti dé láti Jámánì, pé àyẹ̀wò etí lọ́fẹ̀ẹ́ ni, àti pé bí kò bá ṣiṣẹ́, kí oníbàárà wá gba owó rẹ̀ padà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló kà á. Kì í ṣe ariwo ọjà tàbí ọ̀rọ̀ aládùúgbò ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ohùn Lateefah ni.

Nígbà tó di ọjọ́ Mọ́ńdè, ó lọ sí Òṣòdì. Ilé ìtajà náà wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì, nínú ilé kan tó kọjú sí bíríìjì. Wọ́n ta kọ́tìnnì funfun, wọ́n gbé àwòrán etí ńlá kọ́ ara ògiri. Ọmọbìnrin tó gbà á lálejò wọ aṣọ funfun bíi ti dókítà, orúkọ rẹ̀ wà láyà rẹ̀: Motọ́lání. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ bàbá náà títí eékún wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra. Ó gbé nǹkan bo etí rẹ̀ méjèèjì, ó ní kó máa nawọ́ sókè nígbàkúùgbà tó bá gbọ́ ohùn. Bùràímọ̀ ń wo àtàǹpàkò ọmọbìnrin náà lórí bọ́tìnnì, ó sì ń nawọ́ bí àtàǹpàkò náà bá ti tẹ̀ ẹ́. Òun gan-an kò mọ̀ bóyá ó gbọ́ tàbí kò gbọ́.

Lẹ́yìn náà ni Motọ́lání mú ẹ̀rọ kékeré kan jáde nínú páálí, kò tóbi ju ẹ̀wà lọ. Ó fi ìka méjì di etí bàbá náà mú, jẹ́jẹ́, ó sì tì í wọlé. Láti ọjọ́ tí Sàráátù ti kú, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ojú Bùràímọ̀. Ọmọbìnrin náà padà jókòó, ó wò ó lójú, ó la ẹnu dáadáa, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ̀ ń gbọ́ mi báyìí?"

Gbogbo ọ̀rọ̀ náà ló yé e. Omi lé ròrò sójú rẹ̀. Ó san owó náà níbẹ̀, owó tó ti ń tọ́jú pamọ́ láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti wà láyé.

Nígbà tó délé, nǹkan náà bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Jẹnẹrétọ̀ ilé kejì wọ inú orí rẹ̀ bíi tírélà. Bí wọ́n bá da omi sínú báàkẹ́ẹ̀tì, á dà bí ẹni pé páànù ilé ń ya lulẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò sí níbẹ̀. Àwọn ará ilé ń la ẹnu, ẹnu náà sì ṣófo bíi ti àtẹ̀yìnwá. Lọ́sẹ̀ kejì fóònù gbọ̀n, ó sì rí orúkọ Lateefah. Ó gbé e sétí pẹ̀lú ẹ̀rọ náà, ẹ̀rọ sì han débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ju fóònù sílẹ̀. Ó ní òun wà dáadáa. Ó ní òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ó gbé e padà lọ sí Òṣòdì. Motọ́lání kò fa àga sún mọ́ ọn lọ́jọ́ náà. Ó yí ẹ̀yìn rìsíìtì sí i, ó fi ìka tọ́ka sí ohun tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀: ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà. Bùràímọ̀ mú ìwé ìpolówó jáde, òun náà tọ́ka sí tirẹ̀. Ọ̀gá ibẹ̀ jáde wá, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Adéjùmọ̀. Ó ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n fóònù ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò, kò gbójú sókè kí bàbá lè rí ètè rẹ̀. Motọ́lání ló wá fọwọ́ júwe pé etí bàbá ni kò dára, àfi kó ra èyí tó tóbi ju ìyẹn lọ. Bùràímọ̀ tún padà lọ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà kẹta, ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà dúró sí àárín ilẹ̀kùn, kò sì yà fún un.

Bùràímọ̀ kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ta ni yóò sọ ọ́ fún? Ó fi ẹ̀rọ náà sínú agolo tó ń kó abẹ́rẹ́ sí, ó dé e.

Oṣù kan kọjá kó tó lọ ra ẹ̀yà ẹ̀rọ ìránṣọ n'Ísọlọ̀. Ní iwájú sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n ta tapólì, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ wọ ẹ̀wù péńpé aláwọ̀ búlúù, ọ̀kan nínú wọn gbé gbohùngbohùn sẹ́nu, èrò sì yí i ká. Bùràímọ̀ kò dúró fún ọ̀rọ̀ ẹnu. Ó gba ìwé tí wọ́n ń pín, ó lọ kà á lábẹ́ igi. Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́. Wọ́n ní ọ́fíìsì àwọn wà láti dáàbò bo oníbàárà, pé bí oníṣòwò bá ta ohun tí kì í ṣe ohun tó pè é, kí ẹni tó rà á kọ̀wé wá, kò ní san kọ́bọ̀. Ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ mú un lọ́kàn, ìyẹn ni kí ó kọ̀wé. Ìwé kì í béèrè etí lọ́wọ́ ẹni.

Ojú ewé méjì ló kọ, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé tí wọ́n kọ́ ọ nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó kọ ohun tí wọ́n wí àti ohun tó ṣẹlẹ̀, kò fi nǹkan kan kún un. Ó ya fọ́tókọ́pì rìsíìtì àti ìwé ìpolówó, ó sì gbé gbogbo rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì wọn n'Íkẹjà fúnra rẹ̀. Wọ́n fún un ní fọ́ọ̀mù, ó kọ orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù sí i, wọ́n gbá òǹtẹ̀ lù ú, ó sì padà wálé.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, fóònù gbọ̀n, nọ́ńbà tí kò mọ̀ ni. Ó dúró díẹ̀, ó ní òun wà dáadáa. Ó tún dúró. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Fóònù kú.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún kọjá, kò gbúròó ẹnikẹ́ni. Ó fẹ́ gbà pé bí iṣẹ́ ìjọba ṣe ń rí náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò rí ẹ̀rọ kankan tún ṣe, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ilé sì mú un. Ó wọ bùbá, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ìkẹjà.

Ọwọ́ obìnrin kan tó ń jẹ́ Ọládùnní ni fáìlì rẹ̀ wà. Ó ti tó ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta, ó ti gíláàsì ojú rẹ̀ sókè orí. Ó ṣí fáìlì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ sí i. Bùràímọ̀ dúró títí ọ̀rọ̀ náà fi dà bí ẹni pé ó tán.

"Mádáàmù, ẹ jọ̀ọ́," ló wí, "mi ò rí ẹnu yín."

Ọládùnní gbójú sókè. Ó fa bébà kan yọ, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun pe bàbá lórí fóònù ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, òun bi í bóyá wọ́n ti dá owó rẹ̀ padà, bàbá sì ní òun wà dáadáa, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Òun ti kọ ọ́ sí fáìlì pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Bùràímọ̀ ka bébà náà. Ó ti ń kó irọ́ kan jọ kó tó rí i pé kò sí irọ́ tó lè bo èyí.

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan," ló wí. "Bí mo ṣe ń dá gbogbo ẹni tó bá pè mí lóhùn nìyẹn."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí yóò sọ ọ́ fún ẹ̀dá alààyè. Ọládùnní kò rẹ́rìn-ín, kò sì káàánú rẹ̀ lójú. Ó kàn tún kọ ìbéèrè kan sísàlẹ̀ bébà: "Ta ló tún máa ń pè yín?"

"Ọmọ mi," ni Bùràímọ̀ wí. Nígbà tó ń padà lọ sílé nínú kẹ̀kẹ́ Maruwa, ohun kan ṣoṣo ló ń rò: gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ wọ̀nyẹn, kí ni Lateefah ń sọ, kí sì ni òun ń dá a lóhùn?

Ọládùnní tún fáìlì náà ṣí. Ó ní kí Bùràímọ̀ mú ẹ̀rọ tó wà nínú agolo abẹ́rẹ́ wá, ó sì fi í ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ìjọba níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú etí, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ó kọ̀wé pe ilé ìtajà náà. Nígbà tó di ọjọ́ tí wọ́n dá, àwọn mẹ́rin ló jókòó yí tábìlì ká: Ọládùnní, Bùràímọ̀, Adéjùmọ̀ tó ni ilé ìtajà, àti Motọ́lání tí kò wọ aṣọ funfun.

Adéjùmọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó sì ń yára. Bùràímọ̀ ń wo ètè rẹ̀, kò bá a. Ó rí i tí orí àwọn yòókù ń yí láti ọ̀dọ̀ ẹnìkan sọ́dọ̀ ẹnìkejì, kò sì sí èyí tó yí sọ́dọ̀ òun. Bí gbogbo ìjókòó ṣe rí fún un nìyẹn láti ọdún méjì: ìsìnkú, ìsọmọlórúkọ, ìpàdé ilé. Ó ti ń múra láti máa mi orí nígbà tí Ọládùnní nawọ́ sókè, tó dá ọ̀rọ̀ dúró. Ó gbé ìwé kan sí àárín tábìlì, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó mú ẹjọ́ wá wà nínú yàrá yìí, àti pé ohun tí wọn kò bá lè kọ, kí wọ́n má sọ ọ́. Adéjùmọ̀ kọ ọ́ pé ìyẹn á gbà wọ́n ní gbogbo ọjọ́. Ọládùnní kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé gbogbo ọjọ́ ni àwọn ní.

Bẹ́ẹ̀ ni ìwé náà ṣe ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Bùràímọ̀ ka gbogbo rẹ̀, títí kan èyí tí kò dára. Adéjùmọ̀ kọ ọ́ pé etí bàbá yìí ti kú pátápátá, kò sí ẹ̀rọ tó lè ṣe é. Bùràímọ̀ gba bírò, ó kọ tirẹ̀ sí ìsàlẹ̀: "Kí ló dé tí ẹ fi tà á fún mi?"

Ìwé náà dé iwájú Adéjùmọ̀, ó sì dúró síbẹ̀.

Ọládùnní mú èsì ilé ìwòsàn jáde. Wọ́n ní ohun tó wà nínú páálí náà kì í ṣe ẹ̀rọ ìgbọ́ràn rárá, ohun tó kàn ń mú kí ariwo ga sí i ni, kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín ohùn èèyàn àti ti jẹnẹrétọ̀. Kò ti Jámánì wá. Adéjùmọ̀ tọ́ka sí ẹ̀yìn rìsíìtì. Ọládùnní kọ ọ́ fún un pé ohun tí wọ́n tẹ̀ sí ẹ̀yìn rìsíìtì kò lè borí òfin ìpínlẹ̀. Ẹni tó bá pe ewúrẹ́ ní màlúù láti tà á, kò lè ní òun kì í gba ewúrẹ́ padà.

Motọ́lání ló wá na ọwọ́ gba bírò. Ó pẹ́ kó tó kọ ọ́, ó sì kọ ọ́ wẹ́wẹ́. Ó ní òun ò kọ́ṣẹ́ etí, fóònù ni òun ń tà tẹ́lẹ̀. Iná lásán ló ń tàn lára ohun tí òun fi ń ṣe àyẹ̀wò. Wọ́n ní kí òun wọ aṣọ funfun, kí òun sún mọ́ oníbàárà dáadáa, kí òun sì máa la ẹnu tí òun bá ń sọ̀rọ̀, nítorí àwọn tí etí wọn ti di ti mọ ẹnu wò. Ó kọ ọ́ nísàlẹ̀ pé kí bàbá má bínú.

Bùràímọ̀ ka ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì. Kì í ṣe owó ló dùn ún jù. Ọwọ́ tó di etí rẹ̀ mú jẹ́jẹ́ ló dùn ún, ìyẹn náà wà lára ohun tí wọ́n tà fún un. Ó ti ìwé náà padà sí àárín tábìlì, kò wo ojú ọmọbìnrin náà.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Adéjùmọ̀ fọwọ́ sí i pé òun yóò dá owó padà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, òun yóò kó gbogbo ìwé ìpolówó náà nílẹ̀, òun kò sì ní pe nǹkan náà ní ẹ̀rọ ìgbọ́ràn mọ́. Wọ́n gba orúkọ gbogbo ẹni tó ti rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mẹ́tàdínlógójì ni wọ́n, arúgbó ló pọ̀ jù nínú wọn, Ọládùnní sì ní àwọn yóò kọ̀wé sí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé tí Adéjùmọ̀ kò tíì san án, àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì náà lọ ti ilé ìtajà náà pa. Ó san án lọ́jọ́ kejì.

Inú Bùràímọ̀ dùn, ṣùgbọ́n ayọ̀ náà kò pẹ́ nílé. Ohun tí kò retí ni pé òun yóò máa ṣàárò yàrá yẹn, tí èèyàn mẹ́rin jókòó sí, tí gbogbo ọ̀rọ̀ sì ń dé ọ̀dọ̀ òun.

Ọládùnní bá a gba ọjọ́ ní ilé ìwòsàn. Dókítà kọ ọ́ fún un láìfi bò pé etí ọ̀tún ti lọ, ti òsì ṣẹ́ ku díẹ̀. Ẹ̀rọ gidi lè jẹ́ kó gbọ́ bí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn tàbí bí mọ́tò bá fun fèrè lẹ́yìn rẹ̀. Kò lè jẹ́ kó gbọ́ ọ̀rọ̀ lórí fóònù. Bùràímọ̀ dúpẹ́. Nígbà tó lọ sọ ọ́ fún Ọládùnní, obìnrin náà gba fóònù alátẹ̀ ọwọ́ rẹ̀, ó fi hàn án bí wọ́n ṣe ń kọ àtẹ̀jíṣẹ́. "Ẹ kọ ọ́ sí i bí ẹ ṣe kọ ọ́ sí wa," ló kọ sórí bébà fún un.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń gbé fóònù náà sókè, tó ń gbé e sílẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àlàmísì, ó jókòó nínú ìsọ̀, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì. Ó kọ ọ́ pé, "Lateefah, bàbá rẹ ni. Láti ìgbà tí ìyá rẹ ti kú, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan lórí fóònù. Àbá ni mò ń dá. Jọ̀ọ́, kọ ohun tí o ti sọ fún mi ránṣẹ́."

Èsì kò dé lọ́jọ́ náà. Kò dé lọ́jọ́ Jímọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé ló dé, mẹ́rin tẹ̀léra, fóònù sì gbọ̀n lórí tábìlì láàárín àwọn ṣíṣù òwú.

"Bàbá, nígbà ọyẹ́ tó kọjá mo pè yín, mo ń sunkún. Mo sọ fún yín pé oyún náà bọ́ ní oṣù keje, pé wọ́n ti sin ọmọ. Ẹ ní ẹ wà dáadáa, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹ bi mí pé ọkọ mi ńkọ́. Mo rò pé ẹ̀ ń bínú sí mi pé mi ò dúró tì yín lẹ́yìn tí màámi kú. Mi ò mọ bí mo ṣe lè máa pè yín mọ́."

Bùràímọ̀ ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó wá ọjọ́ náà nínú orí rẹ̀, ó fẹ́ rántí ibi tí òun jókòó sí, ohun tó wà lọ́wọ́ òun, bóyá oòrùn wà níta tàbí kùrukùru ọyẹ́. Kò rí i. Gbogbo ìpè náà jọra wọn. Ọjọ́ tó burú jù láyé ọmọ rẹ̀ ti gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, kò sì fi àmì kankan sílẹ̀. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó lóyún.

Ó tẹ̀ ẹ́ pé, "Akọ ni àbí abo?"

Èsì èyí kò pẹ́ kó tó dé. "Abo ni. Roqeebah la sọ ọ́."

Ó pa ìsọ̀ dé lọ́sàn-án gangan. Ó wẹ ọwọ́, ó wẹ ẹsẹ̀, ó tẹ́ ẹní, ó sì ṣe àdúà fún ọmọ náà pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Àwọn ará ilé rí i pé ilẹ̀kùn ìsọ̀ wà ní títì, wọ́n kọjá.

Nígbà ìsinmi ilé ìwé, Lateefah wá, ó lo ọjọ́ mẹ́fà. Wọ́n ra ìwé ìkọ̀wé olójú ewé ọgọ́ta, wọ́n fi sáàárín ara wọn. Lateefah ti rù díẹ̀. Kò mọ ọwọ́ tí ìyá rẹ̀ ń fi júwe, ó sì ń yára sọ̀rọ̀, á gbàgbé, á yíjú, bàbá á fọwọ́ kàn án léjìká. Ó kọ púpọ̀ nípa Roqeebah, ojú ewé mẹ́ta. Bùràímọ̀ kọ púpọ̀ nípa Sàráátù. Lọ́jọ́ kẹrin, Lateefah rẹ́rìn-ín sí ohun kan nínú fóònù rẹ̀, bàbá béèrè ohun tó pa á lẹ́rìn-ín, ó sì ní kò sí nǹkan kan. Ohun tí gbogbo èèyàn máa ń sọ fún un náà nìyẹn. Ọmọ náà rí ojú rẹ̀, ojú tì í, ó fa ìwé sún mọ́ra, ó sì kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà kò pani lẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ mọ́ lórí ìwé. Àwọn méjèèjì mọ̀.

Láàárọ̀ kùtù ọjọ́ keje, bàbá sìn ín dé gáréèjì n'Óṣòdì. Bọ́ọ̀sì Kàdúná kún, ó sì gbéra. Bùràímọ̀ fẹsẹ̀ rìn padà sí Ṣógúnlé, ó ṣí ìsọ̀, ó gbé fóònù lé orí tábìlì. Kò tíì jókòó tán tí àtẹ̀jíṣẹ́ fi dé pé àwọn ti kọjá Ìbàfò. Lẹ́yìn náà Ògèrè. Ìbàdàn. Télọ̀ kan gbé ẹ̀rọ wá, ó nawọ́ sí i, ó lọ. Ọ̀yọ́ dé, Ògbómọ̀ṣọ́ dé, Ìlọrin pẹ́ kó tó dé. Ní déédéé ìrun Ásárì, Lateefah kọ ọ́ pé, "Jẹ́bà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò ní sí fún ìgbà díẹ̀." Bùràímọ̀ tẹ̀ ẹ́ padà pé òun ti gbọ́, ó sì wo ọ̀rọ̀ náà lójú fóònù títí iná rẹ̀ fi kú.